Àwọn Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún Ohun Tí Kò Yọrí: Àgbéyẹ̀wò Láti Atosin ní Ìdànrè

Ẹni tí ó bá dúró díẹ̀ ní ọjà Atosin, nísàlẹ̀ àwọn àpáta ràbàtà Ìdànrè, tí ó sì tẹ́tí sí bí olùtà àti olùrà ṣe ń dúnàádúrà, kò ní pẹ́ kí ó tó gbọ́ ọ̀rọ̀ Òyìnbó méjì tí ahọ́n Yorùbá ti gbà wọlé pátápátá: ordinary ni èkíní, common ni èkejì. Oníbàárà a ní, "Ìyá, ordinary ata yìí náà lẹ pè ní ẹgbẹ̀rún kan?" Ìyá aláta a sì dá a lóhùn pé, "Ordinary kẹ̀, ọmọ mi? Common iyọ̀, lọ béèrè iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà òní!"

Àwọn méjèèjì kò ṣi ọ̀rọ̀ náà lò, nítorí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn tí ó ni èdè ṣe ń lò ó lónìí, fún ohun tí ó pọ̀ nílẹ̀ rẹpẹtẹ, tí kò yọrí láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, tí ojú sì lè kọjá lára rẹ̀ láìdúró. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Àgbà ni àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, wọ́n sì ti ṣubú, nítorí náà ẹ̀yìn ni ó yẹ kí á bá wọn wò. Bí a bá wò ó dáadáa, a ó rí i pé púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ohun tí kò yọrí ni a bí sí ilé ọlá, tí a kò sì bá ẹ̀gàn kankan lára wọn ní kékeré. Èrò tèmi ni pé ẹ̀gàn náà kò ti ara ohun tí a dárúkọ wá rárá. Ibi gíga tí ẹni tí ń dárúkọ rẹ̀ dúró sí ni ó ti wá, àwa tí a sì yá ọ̀rọ̀ náà lò lẹ́yìn tí ó ti ṣubú tán, a yá ojú tẹ́ńbẹ́lú tí ọlọ́rọ̀ fi ń wo ènìyàn mọ́ ọn.

Ordinary ni ó yẹ kí ó ṣáájú. Inú èdè Látìn ni ó ti wá, láti ara ordo, èyí tí í ṣe ètò àti ìtòlẹ́sẹẹsẹ. Ẹni tí àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ fi orúkọ yìí pè ni adájọ́ tàbí bíṣọ́ọ̀bù tí ó ní àṣẹ nítorí oyè tí ó wà lórí rẹ̀, tí kò yá àṣẹ náà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Títí di òní olónìí, nínú òfin Ìjọ Àgùdà, bíṣọ́ọ̀bù tí ó ń ṣe àkóso àgbègbè kan ni Ordinary ibẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé bíṣọ́ọ̀bù Oǹdó, tí àwọn Àgùdà Ìdànrè ń foríbalẹ̀ fún, ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú ata tí oníbàárà ń fojú di lọ́jà. Bákan náà ni ó rí láàfin ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: oníṣègùn tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà gbogbo, tí ó mọ ara ọba, tí ó mọ ìyẹ̀wù ọba, òun ni a kọ in ordinary mọ́ orúkọ rẹ̀, nígbà tí ẹni tí a kàn ń ké sí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ extraordinary. Ìgbà kan rèé, ẹ̀yin èèyàn mi, tí ó sàn kí ènìyàn jẹ́ ordinary ju kí ó jẹ́ òdìkejì rẹ̀ lọ, nítorí pé àìyẹsẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ń yìn: ohun tí ó wà ní àyè rẹ̀, tí a lè gbẹ́kẹ̀ lé ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́.

Ilé oúnjẹ ni ọ̀rọ̀ náà gbà sọ̀ kalẹ̀. Ní ọ̀rúndún 16 àti 17, oúnjẹ tí iye rẹ̀ kì í yí padà, tí ẹnikẹ́ni tí ó bá ní owó náà lọ́wọ́ lè wọlé jẹ, ni wọ́n ń pè ní ordinary ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, kò sì pẹ́ tí ilé tí wọ́n ti ń tà á náà fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ẹnikẹ́ni lè jẹ ẹ́, àwọn tí wọn kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jẹun bẹ̀rẹ̀ sí í yínmú sí i. Láti ẹnu ọlọ́lá bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí ó máa ń sọ nípa ètò ti di ọ̀rọ̀ tí ń sọ nípa àìníyì.

Nílé tiwa, ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wọlé jù ni ilé ìwé. Nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìdánwò GCE kalẹ̀ ní ọdún 1951, ìpele Ordinary àti Advanced wà nínú rẹ̀, àjọ WAEC tí a sì dá sílẹ̀ ní ọdún 1952 ni ó wá mú un fẹsẹ̀ rinlẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ìdánwò náà ti pa orúkọ dà tipẹ́, síbẹ̀ O level ni gbogbo ayé ṣì ń pè é, bí ọmọ bá sì kúrò níbẹ̀ tí ó wọ ilé ìwé gíga Pólì, ordinary mìíràn ni yóò tún bá pàdé nínú OND. Bàbá tí ó ta kòkó ọdún kan kí ọmọ rẹ̀ lè jókòó ṣe O level, tí ó ń gbààwẹ̀ kí kírẹ́díìtì márùn-ún lè pé, Ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì nínú wọn, mọ̀ nínú ọkàn rẹ̀ pé ohun tí òun ń rà kò kéré. Ó sún mọ́ ìtumọ̀ àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ náà ju ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé lọ: ìpele tí a kò lè fò, tí gbogbo ìpele tí ó kù dúró lé lórí.

Common bá ọ̀nà mìíràn wá. Ohun àjọní ni ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, láti ara communis ti Látìn. Pápá tí gbogbo ará abúlé Gẹ̀ẹ́sì lẹ́tọ̀ọ́ láti da ẹran wọn sí ni common, ilé aṣòfin tí ó ń ṣojú àwọn ìlú àti àgbègbè ni Commons, ìwé àdúrà tí Ìjọ Áńgílíkà kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní ọdún 1549 sì ní ọ̀rọ̀ yìí nínú àkọlé rẹ̀, kì í ṣe nítorí pé àdúrà náà kò níyì, bí kò ṣe nítorí pé gbogbo ìjọ ní yóò jọ máa gbà á. Ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí Nàìjíríà wọ̀ ní ọdún 1960 ń jẹ́ Commonwealth, ọrọ̀ àjọní. Ìdànrè pàápàá bá ọ̀rọ̀ yìí ṣe àjọṣe kan tí kò yẹ kí á gbàgbé: ewì gígùn tí Wọlé Ṣóyínká pè ní "Idanre", fún àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà ti Commonwealth ní ọdún 1965 ni ó fi kọ ọ́, kí ó tó wá jáde nínú ìwé ní ọdún 1967. Báyìí ni orúkọ àwọn àpáta wa ṣe gba ẹnu ọ̀nà common wọ etí ayé.

Kí ni ó wá sọ àjọní di yẹpẹrẹ? Ẹni tí ó ní ilẹ̀ tirẹ̀ nìkan, tí ó ní ọgbà tirẹ̀ nìkan, tí aṣọ tirẹ̀ kò bá ti ẹnìkejì dọ́gba, kò lè rí ẹwà nínú ohun tí gbogbo ayé jọ ní. Yorùbá tí ó ní àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà kò ronú bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ wa, gbogbogbò, sì wà láìní àbùkù títí di òní. Ṣùgbọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kan tilẹ̀ wà tí ó ṣubú jìnnà ju common lọ. Mean, tí a mọ̀ sí ahun àti ìkà ènìyàn, ohun àjọní ni òun náà ń jẹ́ nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. Ó ti ibẹ̀ di ohun rírẹlẹ̀, ó ti ibẹ̀ di ẹni tí ìwà rẹ̀ rẹlẹ̀, kò sì dúró títí ó fi di òǹrorò. Ìbátan rẹ̀ nínú èdè Jámánì, gemein, tọ ọ̀nà kan náà gan-an. Vulgar ńkọ́? Ọ̀rọ̀ fún ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ni, òun náà ni ó sì wà nínú orúkọ Vulgate, Bíbélì èdè Látìn tí Jerome bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lé lórí ní nǹkan bí ọdún 382, tí Ìjọ Àgùdà fi kàwé fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ìwé mímọ́ àti ọ̀rọ̀ rírùn, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́.

Èyí tí ó dùn mí jù nínú gbogbo wọn ni villain. Villa ni oko ńlá láyé àwọn ará Róòmù, ẹni tí ń gbé ibẹ̀, tí ń ṣiṣẹ́ ibẹ̀, ni villanus. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà gba ilẹ̀ Faransé dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àgbẹ̀ tí ó ń roko lórí ilẹ̀ olówó rẹ̀, tí kò lè fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ láìgbàṣẹ, ni ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ń kọ̀wé kì í roko. Ilé olówó ni wọ́n ti ń jẹun, ojú olówó ni wọ́n sì fi ń wo pápá. Ọwọ́ wọn ni àgbẹ̀ ti di ọ̀dájú, láti ọ̀dájú ó di ọ̀daràn, tí ó fi jẹ́ pé ẹni ibi inú eré orí ìtàgé ni à ń pè ní villain lónìí. Churl, tí í ṣe ọmọ onílẹ̀ tí kò sí nínú oko ẹrú, di aláìmọ̀wàáhù. Boor, tí í ṣe àgbẹ̀, di aláìlẹ́kọ̀ọ́. Pagan, tí í ṣe ará ìgbèríko, di kèfèrí. Orúkọ mẹ́rin ni èdè kan fi pe ẹni tí ń bọ́ ọ, ó sì sọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di èébú.

Kí á má sì tan ara wa jẹ: àwa náà ní "ará oko", a sì mọ ohùn tí a fi ń sọ ọ́. Tálákà tí a gbà lọ́wọ́ àwọn Hausa, ẹni tí kò sí nípò, tí kò joyè, ni ó ń tọ́ka sí lọ́hùn-ún. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ wa, òṣì nìkan ni a rí nínú rẹ̀. Ẹ̀sùn náà kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní Ìdànrè, ìlú tí a mọ̀ mọ kòkó jákèjádò Nàìjíríà, ó yẹ kí ojú máa ti ẹni tí ó bá fi "ará oko" búni. Ẹ wo ohun tí àgbẹ̀ mọ̀. Ó mọ ọjọ́ tí pódi pọ́n tó láti ká, nítorí èyí tí kò pọ́n kò ní omi dídùn tí yóò bà. Ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo hóró tútù náà mọ́lẹ̀ fún bí ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà, ó ń yí i padà kí ooru lè kárí, títí òórùn rẹ̀ yóò fi yí láti ti ọtí sí ti kíkan. Ó wá sá a sóòrùn, ó ń fi ẹsẹ̀ wọ́ ọ gààrà láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, etí rẹ̀ sì wà lójú ọ̀run nítorí òjò. Ní ọjọ́ tí ó bá kù díẹ̀ kí ó gbẹ, yóò bu ẹ̀kúnwọ́ kan, yóò fún un pọ̀, yóò gbọ́ ohùn rẹ̀: bí ó bá ń dún pàpà, ó ti tó, bí ó bá ń rọ̀ lábẹ́ ìka, ó di ọ̀la. Ìmọ̀ yìí ni àwọn tí ń yẹ kòkó wò yóò wá fi ọ̀bẹ wá kiri, tí wọn yóò la 300 hóró, tí wọn yóò ka èyí tí ó bu. Bí èyí tí ó bu bá ju 3 lọ nínú 100, kò lè jẹ́ ti ìpele kìíní mọ́. Ẹni tí ó mú un bọ́ sí ìpele kìíní ni Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ mẹ́rin láti fi bú.

Ọ̀rọ̀ tí ó kàn ni èyí tí ọmọ Ìdànrè nìkan lè túmọ̀ bí ó ti yẹ. Mediocre, tí a fi ń pe iṣẹ́ tí kò dára tí kò sì burú, ọ̀rọ̀ Látìn méjì ni ó so pọ̀: medius, àárín, àti ocris, òkè olókùúta ṣóńṣó. Ẹni tí ó dé àárín òkè ni mediocris. Gígun òkè àti sísọ̀ kalẹ̀ ni gbogbo ìtàn Ìdànrè: orí òkè ni àwọn baba ńlá tẹ̀ dó sí, ibi tí wọ́n ń pè ní Ufẹ̀ Òkè, tí ọ̀tá kò lè fi ọ̀sán gangan gùn, orí rẹ̀ ni ààfin Ọwá wà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dájọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sìnkú, ìgbà tí ayé rọ̀ tán tí ogun kò sí mọ́, ní nǹkan bí ọdún 1923, ni ọ̀pọ̀ wọn tó sọ̀ kalẹ̀ wá tẹ Odode, Alade àti Atosin dó. Àtẹ̀gùn tí a fi ń gun òkè náà lé ní 600, a sì ṣe ibi ìsinmi sí ojú ọ̀nà. Béèrè lọ́wọ́ ìyá tí ó gbé ẹrù gùn ún bóyá ìtìjú ni kí ènìyàn wà ní àárín òkè. Yóò sọ fún ọ pé ibẹ̀ ni ènìyàn ti ń mọ̀ pé òun yóò dé. Ibẹ̀ ni èémí ti ń padà, ibẹ̀ ni a ti ń rí ìsàlẹ̀ àti òkè lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ará Róòmù pàápàá kò kọ́kọ́ kẹ́gàn rẹ̀. Horace akéwì wọn so wúrà mọ́ ipò àárín yìí nínú orin rẹ̀, ó kà á sí ipò ọlọ́gbọ́n tí kò gbé nínú ahéré tí ó ti ń wó, tí kò sì gbé nínú ààfin tí ayé ń ṣe ìlara rẹ̀. Ìgbà tí ayé dé ibi tí a kì í ka ẹnikẹ́ni kún bí kò ṣe ẹni tí ó wà lórí ṣóńṣó ni àárín òkè wá di èébú.

Àwọn yòókù kò ní gbà wá lákòókò. Pedestrian ni ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ rìn, ó sì ti di orúkọ fún ọ̀rọ̀ tí kò ládùn, nítorí pé orí ẹṣin ni àwọn tí ń dájọ́ ọ̀rọ̀ wà. Trivial ti ibi tí ọ̀nà mẹ́ta ti pàdé wá, ohun tí ẹnikẹ́ni lè gbọ́ níbẹ̀. Yorùbá tí ó mọ ẹni tí ń gbé oríta mẹ́ta kò jẹ́ fi oríta pe ohun kékeré. Average kò fi bẹ́ẹ̀ ṣubú, mo sì fẹ́ràn rẹ̀: ọ̀rọ̀ àwọn oníṣòwò orí omi ni, tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ tọpa rẹ̀ dé inú èdè Lárúbáwá, fún ẹrù tí ó bàjẹ́ nínú ọkọ̀, bí ìjì bá mú kí a da ẹrù ẹnì kan sómi kí ọkọ̀ má bàa rì, gbogbo àwọn tí ó ní ẹrù nínú ọkọ̀ ni yóò pín àdánù náà, kí ó má bàa jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo. Olùkọ́ tí ó kọ average sínú ìwé èsì ọmọ Atosin kan kọ ọ̀rọ̀ àjọpín àdánù sí i, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ náà mú un délé pẹ̀lú omijé.

Ó wá ku nondescript, òun gan-an ni ó sì gbé mi dé Atosin. Ní ìparí ọ̀rúndún 17, àwọn tí ń ṣe ìwádìí ẹranko àti ewéko ni wọ́n hun ọ̀rọ̀ yìí, fún ẹ̀dá tí wọ́n rí ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣàpèjúwe rẹ̀ sínú ìwé. Ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ a máa mú inú olùwádìí dùn ju gbogbo èyí tí a ti kọ lọ. Nondescript ni ohun tí ó kù láti mọ̀. Láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún àti díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà yí sí ohun tí ó ṣòro láti tò sí ìsọ̀rí kan, lẹ́yìn náà ni ó wá di ohun tí kò ní nǹkan kan tí a lè sọ nípa rẹ̀. Nínú gbogbo ìṣubú tí mo ti kà sílẹ̀, èyí ni ó burú jù, nítorí pé ó gba àléébù ẹni tí kò tíì wò, ó fi lé orí ohun tí a kò tíì wò.

Ìran Yorùbá ní ètò tí kì í jẹ́ kí èyí rọrùn. Ilẹ̀ tí iyán ní oríkì, tí àgbàdo ní oríkì, tí ìdílé aláwo àti ìdílé ọdẹ ní tiwọn, tí ọmọ àná tí kò tíì ní eyín sì ní ohun tí a fi ń kì í kí ó tó jókòó, kò fi àyè púpọ̀ sílẹ̀ fún ohun tí a kò ṣàpèjúwe. Bí ẹnì kan bá sọ nípa ènìyàn pé "èèyàn lásán ni", akíoríkì kan lè dìde nínú agbo kí ó ka baba ńlá ẹni tí a pè bẹ́ẹ̀ dé ìran keje. Ohun tí oríkì ń ṣe gan-an nìyẹn: ó ń sọ pé a ti wo ẹni yìí, a wò ó tán.

Síbẹ̀, a ti ń jẹ́ kí iṣẹ́ náà bọ́ lọ́wọ́ wa. Ní ọdún 2007, a fi Òkè Ìdànrè sínú àkójọ àwọn ibi tí UNESCO lè yẹ̀ wò fún ogún àgbáyé, ìwé tí a fi gbé e kalẹ̀ sì dárúkọ ààfin Ọwá àtijọ́, ilé ẹjọ́, ilé agogo, ojú ẹsẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ti Agbóògùn, Omi Àpáàrà àti àwọn ilẹ̀ ìsìnkú. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n àlejò tí ó wá nítorí ìwé náà a máa gba àárín ìlú kọjá lọ sí ìdí àtẹ̀gùn, kò ní yà, nítorí pé kò sí ohun tí ó kà tí ó ní kí ó yà. Lójú rẹ̀, Atosin kò jẹ́ nǹkan bí kò ṣe ilé onípáànù, kòkó tí a sá sẹ́bàá títì, àti àpáta lẹ́yìn ilé. Nondescript ni Atosin lóòótọ́, ní ìtumọ̀ àkọ́kọ́: kò tíì sí ẹni tí ó jókòó ṣàpèjúwe rẹ̀ bí ó ti yẹ.

Iṣẹ́ náà kò sì ga ju ohun tí olùkọ́ àti ọmọ ìwé lè ṣe pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ kan àti gègé lọ. Ìdílé wo ni ó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ wá síbí, àdúgbò wo lórí òkè ni wọ́n sì ti wá? Kí ni wọ́n gbé wá, kí ni wọ́n fi sílẹ̀ lókè, ta ni ó dúró tì í? Igi wo ni wọ́n fi pààlà? Oko ta ni a ti kọ́kọ́ rí kòkó, ọwọ́ ta ni ó sì ti gba hóró tí ó gbìn? Ọmọ tí a bí lọ́dún tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ti lé ní 100 ọdún bí ó bá wà láyé; àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọ́n gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu rẹ̀ ni a ní báyìí, orí wọn sì ti funfun, nítorí náà ọ̀dọ̀ wọn ni kí àwọn ọmọ ìwé náà ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, kí ọlidé tó dé.